Amplifier wo, àpótí wo? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí subwoofer ọkọ̀

Bí ẹ bá yà sí ọjà Alaba tàbí Ládípọ̀ láti ra ẹ̀rọ báàsì fún ọkọ̀, amplifier (ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára) ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín, torí òun ló ń dán jù lórí àtẹ. Ẹ má tíì gbà á. Iná tí ọkọ̀ yín lè fún un, pẹ̀lú àpótí tí ẹ máa gbé subwoofer (spíkà ńlá tó ń gbé báàsì jáde) sí, ló ń pinnu báàsì ju nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí lọ. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn onímọ́tò Èkó máa ń bi wá jù. Ẹ lè fò lọ síbi tó bá kàn yín.

Wọ́n kọ 2000W sára amplifier tí mo rí. Ṣé òótọ́ ni?

Ó ṣọ̀wọ́n. Nọ́ńbà ràgàjì ara páálí ni wọ́n ń pè ní max tàbí peak, ìyẹn ohun tí ẹ̀rọ náà lè ta jáde fún ìṣẹ́jú akàn, bí ó bá tiẹ̀ lè ta á rárá. Èyí tó kàn yín ni RMS: agbára tó lè máa tú jáde láìsinmi. Bí ẹ bá rí àmì CEA-2006 tàbí CTA-2006 lára rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n wọn RMS náà ní volt 14.4 lórí 4 ohm (a ó ṣàlàyé ohm nísàlẹ̀), tí ìdàrú ohùn kò sì ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àmì yẹn ṣeé gbọ́kàn lé, bí àmì náà fúnra rẹ̀ kò bá jẹ́ ayédèrú.

Bí kò bá sí àmì, ẹ wo fíúsì ẹ̀gbẹ́ amplifier. Ẹ ro iye ampere wọn pọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 13.8, kí ẹ wá mú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún bó bá jẹ́ class D, tàbí ìdá 60 bó bá jẹ́ class AB (irú amplifier méjì tí a ó fi wéra nísàlẹ̀). Ẹ jẹ́ ká fi class AB tí wọ́n kọ 2000W sí ṣe àpẹẹrẹ, tó jẹ́ fíúsì 25 kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀: 25 lọ́nà 13.8 jẹ́ 345, ìdá 60 rẹ̀ jẹ́ 207W. Ibi tí 2000 parí sí nìyẹn. Class D tó ní fíúsì 30 méjì yóò fún yín ní nǹkan bí 660W.

Àwọn kan gbọ́n ju ìṣirò yìí lọ: wọ́n á yọ fíúsì kékeré, wọ́n á ki ńlá bọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára amplifier lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú fíúsì, kì í ṣe ti orí fíúsì nìkan. Ẹ tún wo ihò tí wáyà iná ń wọ̀. Ihò tí kò lè gba wáyà 4 AWG (nọ́ńbà ìnípọn wáyà ni AWG; bó bá ṣe kéré tó ni wáyà ṣe nípọn tó) kò lè jẹ́ ti amplifier 1000W RMS, ohun yòówù kí ọlọ́jà wí.

Subwoofer mi jẹ́ 400W RMS. Amplifier mélòó ni kí n rà?

Láti 300W dé 500W RMS, lórí iye ohm tí ẹ máa so subwoofer náà sí. Ọ̀rọ̀ ohm yẹn ni ẹ má gbàgbé.

Ọ̀pọ̀ rò pé amplifier kékeré kò lè ba subwoofer ńlá jẹ́. Fúnra rẹ̀, kò lè bà á jẹ́ lóòótọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé báàsì rẹ̀ kì í tó onímọ́tò, ni yóò bá ṣí gain (bọ́tìnì tó ń pinnu bí amplifier ṣe ń gba ohùn rédíò tó) dé òpin, tí yóò tún ti bass boost (bọ́tìnì tó ń fi kún báàsì) sókè. Orí ìgbì ohùn á gé pẹrẹsẹ, amplifier 200W á wá máa tú ohun tó súnmọ́ 400W jáde, tí ooru rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Bí kọ́ìlì inú subwoofer ṣe ń jóná nìyẹn. Òórùn rẹ̀ dà bí ti rọ́bà àti gọ́ọ̀mù tó jóná; ẹni tó bá ti gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé.

Kí ni ohm, kí sì nìdí tí subwoofer mi fi ní ojú wáyà mẹ́rin?

Ohm ni ìwọ̀n ìdènà tí kọ́ìlì inú subwoofer ń ṣe fún iná tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ amplifier. Bí ohm bá ṣe kéré tó ni amplifier ṣe ń tú agbára sílẹ̀ tó, títí dé ibi tí apá rẹ̀ ká. Bí ẹ bá sọ̀ ọ́ kọjá ibẹ̀, á gbóná, á pa ara rẹ̀, tàbí kó jóná.

Ojú wáyà mẹ́rin túmọ̀ sí kọ́ìlì méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní DVC. Ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà so wọ́n:

Ọ̀nà kìíní, ẹ so pọ́sítíìfù méjèèjì pọ̀, ẹ so nẹ́gẹ́tíìfù méjèèjì pọ̀. Ohm á dín sí ìdajì: kọ́ìlì 4 ohm méjì á di 2, kọ́ìlì 2 ohm méjì á di 1.

Ọ̀nà kejì, ẹ so nẹ́gẹ́tíìfù kọ́ìlì àkọ́kọ́ mọ́ pọ́sítíìfù èkejì, kí ẹ wá fi ojú méjì tó kù lọ sí amplifier. Ohm á ròpọ̀: 4 àti 4 á di 8, 2 àti 2 á di 4.

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ká ní amplifier kan ń fún ni ní 500W lórí 1 ohm, 300W lórí 2 ohm. Ẹni tó bá ra subwoofer DVC 4 ohm kan ṣoṣo fún un kò lè dé 1 ohm láéláé. 2 ohm tàbí 8 ni tirẹ̀. Owó 500W ló san, 300W ló ń gbọ́. DVC 2 ohm ló yẹ kó rà. Bó bá wá jẹ́ pé méjì ló fẹ́, DVC 4 ohm méjì tí gbogbo kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin so pọ̀ ní ọ̀nà kìíní á dé 1 ohm gan-an.

Ẹ má fi kọ́ìlì kan sílẹ̀ láìso. Àwọn kan ń ṣe é kí ohm lè bára mu, àmọ́ kọ́ìlì tó ń ṣiṣẹ́ náà nìkan ni gbogbo ooru máa wà lórí rẹ̀, ìdajì agbára tí wọ́n kọ sí subwoofer náà ló sì lè gbà.

Amplifier olójú mẹ́rin (4-channel) ni mo ní. Ṣé mo lè pa ojú méjì pọ̀ fún subwoofer?

Ẹ lè ṣe é. Ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí: pọ́sítíìfù láti ojú kan, nẹ́gẹ́tíìfù láti ojú kejì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà "bridged". Àmọ́ amplifier tó lè gbé 2 ohm lójú kọ̀ọ̀kan kò lè gbé ju 4 ohm wá sílẹ̀ lọ bí ẹ bá pa ojú méjì pọ̀, torí ìdajì ohm náà ni ojú kọ̀ọ̀kan ń rí. Ẹ wá subwoofer 4 ohm fún un.

Class D tàbí class AB?

Fún subwoofer nínú ọkọ̀ Èkó, class D. Ooru búùtù ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn ọ̀sán ní Oshodi ti pọ̀ tó. Class AB á tún sọ bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó ń gbà di ooru. Class D máa ń sọ bí ìdá 20 péré di ooru, ó sì kéré débi tí ẹ fi lè dè é mọ́ ẹ̀yìn àga. Ẹ pa class AB mọ́ fún spíkà inú ilẹ̀kùn.

Ṣé iná ọkọ̀ mi á gbé e?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Class D 500W RMS ń fa 625W láti inú iná ọkọ̀. Ẹ pín in sí 13.8, ó lé ní 45 ampere nígbà tí ẹ bá ṣí i dé òpin. Orin kì í wà lókè nígbà gbogbo, nítorí náà ohun tó ń fà lápapọ̀ lè máa wà láàárín 15 sí 20. Alternator ọkọ̀ kékeré tó lè pèsè 80 sí 100 ampere á gbé ìyẹn, bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré.

Ṣùgbọ́n ta ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sáré lórí Third Mainland Bridge ní agogo méje àárọ̀? Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, alternator kì í fúnni ní gbogbo agbára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni AC wà lórí, fáànù ẹ́ńjìnnì wà lórí, iná iwájú náà wà lórí. Ìgbà yẹn ni iná inú ọkọ̀ máa ń ṣẹ́jú tẹ̀lé báàsì. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi mítà (multimeter tí wọ́n fi ń wọn iná) kan orí bátìrì méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì títàn láìsí orin yẹ kó fi 13.8 sí 14.4 volt hàn. Ẹ wá tan AC àti iná, ẹ ṣí orin dé ibi tí ẹ máa ń gbọ́ ọ dé. Bó bá já wálẹ̀ sí 12.5, tí kò sì gòkè mọ́, bátìrì ló ń bọ́ amplifier, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kú.

Ní ti ìmọ̀ràn: títí dé 500W RMS, bátìrì tó le àti wáyà gidi ti tó. Láàárín 500 sí 1000, ẹ pààrọ̀ wáyà mẹ́ta abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sí èyí tó nípọn: alternator sí pọ́sítíìfù bátìrì, nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì sí ara irin ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sí ara irin ọkọ̀. Kọjá 1000W, ọ̀rọ̀ alternator ńlá ló kàn, kò sí àbùjá. Kórópe tí alternator rẹ̀ kéré gan-an kò tiẹ̀ yẹ kó kọjá 300W.

Wọ́n ní kí n ra capacitor 1 farad (ohun tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀) kí iná má baà máa ṣẹ́jú.

Ẹ fi owó yẹn ra wáyà. Capacitor 1 farad tó já láti volt 14 sí 12 kò ju agbára joule 26 lọ. Amplifier tó ń fa 600W á jẹ ẹ́ tán kí ìdá kan nínú ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Ìlù kan kò tíì dún tán nìyẹn.

Mo fẹ́ máa gbọ́ orin ní etí òkun láìtan ọkọ̀. Wákàtí mélòó?

Bátìrì 60 Ah tó ṣì le, tí amplifier àti rédíò ń fa 20 ampere lára rẹ̀, á ti lo ìdajì tán láàárín wákàtí kan àbọ̀. Bátìrì ọkọ̀ lásán kì í fẹ́ kí wọ́n lò ó kọjá ìdajì. Bí ẹ bá ń ṣe é lemọ́lemọ́, ẹ ti ń wá owó bátìrì tuntun sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa tan ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Wáyà wo ni kí n rà, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí kì í ṣe bàbà?

Fún bàbà gidi tó gùn tó mítà márùn-ún láti bátìrì dé búùtù: 8 AWG fún amplifier tí kò ju 300W RMS lọ, 4 AWG fún 300 sí 800W, 1/0 AWG fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí 60 ampere bá ń gba inú 4 AWG bàbà kọjá lórí mítà márùn-ún, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin volt ló ń sọ nù lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ 8 AWG, ó lé ní ìdajì volt, wáyà náà á sì máa gbóná lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín.

Ọ̀pọ̀ wáyà inú páálí tí wọ́n ń tà lódidi pẹ̀lú fíúsì jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n kun bàbà lójú. CCA ni wọ́n ń kọ sí i, nígbà tí wọ́n bá tiẹ̀ kọ ọ́. Ó máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́ ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ ha irun wáyà kan: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù ni. Kò burú láti lò ó, bí ẹ bá ti mọ̀ pé òun ni, torí iná tó ń gbé kò ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bàbà lọ. Ẹ kàn lọ sí ìwọ̀n tó tẹ̀lé e: níbi tí 8 AWG bàbà ti tó, ẹ lo 4 AWG CCA. Ẹ tún ṣọ́ra fún wáyà tí rọ́bà rẹ̀ nípọn bí àtàǹpàkò, tí irin inú rẹ̀ kò ju igi ìṣáná lọ.

Ibo ni fíúsì ńlá yẹn ń gbé?

Sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Wáyà ló ń dáàbò bò. Bí wáyà bá ha mọ́ irin níbikíbi láàárín bátìrì sí búùtù, fíúsì yẹn nìkan ló dúró láàárín yín àti iná ọmọ ọ̀rara. Nítorí náà, ìwọ̀n wáyà la fi ń yan iye fíúsì: 50 sí 60 ampere fún 8 AWG bàbà, 100 fún 4 AWG. Níbi tí wáyà ti gba ara irin ọkọ̀ kọjá, ẹ fi rọ́bà roboto sí ẹnu ihò náà. Rìwáyà tó bá ní kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíì.

Amplifier ń hu bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré.

Wáyà ẹ́ẹ̀tì ló máa ń fà á jù, ìyẹn èyí tó lọ sí ara irin ọkọ̀. Kó má gùn ju ìdajì mítà lọ, kó nípọn bíi ti pọ́sítíìfù, kí ẹ sì ha ọ̀dà kúrò títí irin fi dán kí ẹ tó fi bóòtù dè é. Bóòtù bẹ́líìtì ìjókòó kì í ṣe ibi ẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, ẹ fi gírísì tàbí ọ̀dà bò ó, torí afẹ́fẹ́ iyọ̀ Victoria Island àti Lekki máa ń dípẹtà sí irin tó wà ní ìhòòhò kíákíá. Bí ó bá ṣì ń hu, ẹ wò ó bóyá wáyà RCA (èyí tó ń gbé ohùn láti rédíò wá sí amplifier) àti wáyà iná jọ gba ẹ̀gbẹ́ kan náà; ẹ mú ọ̀kan gba ọ̀tún, èkejì gba òsì.

Àpótí tó dí pa ni àbí èyí tó ní ihò?

Orin tí ẹ ń gbọ́ ló máa sọ ọ́. Nínú àpótí tó dí pa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń di subwoofer mú bí sípíríńgì, kì í jẹ́ kó rìn kọjá. Báàsì rẹ̀ máa ń gé geere: ẹni tó ń gbọ́ jùjú àti fújì á mọ ibi tí dùndún ti dákẹ́ àti ibi tí gìtá báàsì ti wọlé. Ó kéré, ó rọrùn láti kàn, ó sì máa ń dárí jini bí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi díẹ̀ yẹ̀.

Àpótí oníhò ń lo ohùn ẹ̀yìn subwoofer pẹ̀lú ti iwájú, nítorí náà ó máa ń pariwo jù lórí iye watt kan náà, pàápàá láyìíká ìró tí wọ́n dá ihò rẹ̀ sí. Ẹni tó ń gbọ́ amapiano àti orin ìgboro òde òní, ibẹ̀ ló máa tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àìdáa rẹ̀ ni pé ó fẹ́ àyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Bí orin bá sì ti lọ sísàlẹ̀ ju ìró tí wọ́n dá a sí, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń di subwoofer mú mọ́; á máa fò sókè sódò títí á fi já. Ẹ̀ẹ́kan náà ni àṣìṣe káfíńtà máa ń hàn lára rẹ̀.

Báwo ni àpótí náà ṣe máa tóbi tó?

Ìwé tó bá subwoofer wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sí, ẹ lo ìwọ̀nyí: ínṣì 10 tó dí pa, lítà 17 sí 21, oníhò, bíi 35. Ínṣì 12 tó dí pa, lítà 28. Oníhò, 50 sí 60. Inú àpótí la ń wọ̀n o, kì í ṣe ìta rẹ̀, a ó sì tún yọ àyè tí subwoofer fúnra rẹ̀ gbà.

Àpẹẹrẹ tó dí pa fún ínṣì 12 kan, pẹ̀lú pákó mílímítà 18: ojú iwájú 40 lọ́nà 36, jíjìn sẹ̀ǹtímítà 30, gbogbo rẹ̀ láti ìta. Ẹ yọ 3.6 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ku 36.4, 32.4 àti 26.4. Ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, ẹ pín in sí 1000: lítà 31.1. Subwoofer gba bíi 2.5 níbẹ̀, ó ku 28.6. Ó ti tó.

Ẹni tó bá fún káfíńtà ní ìwọ̀n ìta láìrántí sísanra pákó á pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè náà. Káfíńtà tó mọ àga kàn kò túmọ̀ sí pé ó mọ àpótí báàsì kàn.

Páìpù mélòó, gígùn mélòó fún àpótí oníhò?

Ẹ lè lo páìpù PVC ínṣì 4 tí àwọn plumber ń lò, tí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ìṣirò rẹ̀: ẹ sọ fífẹ̀ inú páìpù di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ sọ ìyẹn di ìlọ́po 23562.5. Ẹ pín in sí lítà àpótí lọ́nà ìró tí ẹ fẹ́ dá ihò sí (ní Hz), tí ẹ tún ti sọ ìró náà di ìlọ́po ara rẹ̀. Nínú èsì rẹ̀, ẹ yọ fífẹ̀ páìpù lọ́nà 0.732. Fún lítà 50 àti 35 Hz: 2356250 pín sí 61250 jẹ́ 38.5, yọ 7.3, ó ku sẹ̀ǹtímítà 31.

Àpótí tó máa gba èyí láti ìta jẹ́ 55 lọ́nà 38 lọ́nà 36. Inú rẹ̀ jẹ́ lítà 57. Subwoofer gba 3, páìpù gba 3, igi ìtì inú gba 1, ó ku 50. Ẹ kíyè sí i pé jíjìn inú rẹ̀ kò ju 32 lọ. Bí ẹ bá ki páìpù náà láti iwájú, ẹnu rẹ̀ á kan ẹ̀yìn, báàsì á sì kú. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ gbà á wọlé, kó lè nà gba ibi tó gùn jù. Ẹnu páìpù méjèèjì ń fẹ́ àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà 10 níwájú wọn, nínú àpótí àti nínú búùtù.

Páìpù kan bẹ́ẹ̀ tó fún nǹkan bí 300W. Kọjá ìyẹn, ẹ máa gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń ṣe fìì. Ihò onípákó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 150 níbùú-lóròó ló kàn. Fún àpótí kan náà, á gùn tó bíi 60, èyí ló fi máa ń ká bíi lẹ́tà L. Ẹ ṣírò àyè tirẹ̀ náà mọ́ ọn.

Pákó wo?

MDF mílímítà 18 ló rọrùn láti gé jù, ohùn rẹ̀ sì dára. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi. Ọkọ̀ tó ń gba Ajah tàbí Ìyánà-Ìpájà kọjá lásìkò òjò lè gba omi sínú búùtù, MDF á wú bíi búrẹ́dì inú tíì, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Bí ẹ̀rù omi bá ń bà yín, ẹ lo plywood mílímítà 18 tí wọ́n ń pè ní marine board. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ fi àtè pákó sí gbogbo ojú ìdè, skúrù ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ara wọn, kí ẹ wá fi sílíkọ́ọ̀nù dí igun inú. Ẹ jẹ́ kí sílíkọ́ọ̀nù gbẹ fún wákàtí 24 kí ẹ tó gbé subwoofer wọlé, torí òórùn kíkan rẹ̀ máa ń ba gọ́ọ̀mù inú subwoofer jẹ́.

Àpótí tí wọ́n ti kàn sílẹ̀ lọ́jà ńkọ́?

Ẹ fi ọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbá òfìfo ní í pariwo: bó bá dún gbàǹgbà bí ìlù, pákó rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ wọn inú rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò òkè yẹn. Bó bá jẹ́ èyí tó dí pa, tí subwoofer sì ti wà nínú rẹ̀, ẹ fi ìka mẹ́rin rọra ti ojú subwoofer wọlé, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Bó bá padà díẹ̀díẹ̀, ó dí. Bó bá ta padà kíá, ó ń jò níbìkan, lọ́pọ̀ ìgbà níbi tí ojú wáyà ti wọlé.

Ibo ni kí n kọjú subwoofer sí nínú búùtù?

Sẹ́yìn, síhà iná ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ de àpótí náà mọ́lẹ̀. Kílò 20 tó ń fò nínú búùtù nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì kì í ṣe eré.

Báwo ni mo ṣe máa to gain?

Ẹ yọ wáyà subwoofer kúrò lára amplifier. Ẹ ti bass boost sí òdo, ẹ sọ báàsì àti tírébù orí rédíò di òdo. Gain kó wà nísàlẹ̀ pátápátá. LPF (èyí tó ń dá ìró tó ga dúró kó má dé subwoofer) kó wà ní 80 Hz; subsonic (èyí tó ń dá ìró tó kéré jù dúró) kó wà láàárín 28 sí 30 bí àpótí bá jẹ́ oníhò tí wọ́n dá sí 35. Ẹ lu ìró 50 Hz tó jẹ́ 0 dB, ẹ ṣí fólúmù rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ fi mítà sí AC volt, ẹ fi kan ojú tí subwoofer ń jókòó sí, kí ẹ wá máa ṣí gain díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé iye tó tọ́.

Iye náà ni gbòǹgbò (square root) ti watt lọ́nà ohm. 400W lórí 4 ohm jẹ́ volt 40. Lórí 2 ohm, 28.3. 500W lórí 2 ohm jẹ́ 31.6, lórí 1 ohm, 22.4. RMS tó kéré jù láàárín amplifier àti subwoofer ni kí ẹ fi ṣírò. Ẹ dá wáyà padà, ẹ má sì ṣí fólúmù kọjá ibi tí ẹ dúró sí yẹn mọ́. Gain kì í ṣe fólúmù.

Iná pupa "protect" ń tàn.

Ẹ yọ wáyà subwoofer. Bí iná pupa bá kú, subwoofer tàbí wáyà rẹ̀ ló ní àléébù: bóyá irun wáyà kan kan èkejì, bóyá kọ́ìlì ti jóná, bóyá ohm ti kéré jù. Bí kò bá kú, ẹ yọ RCA. Bó ṣì ń tàn, ẹ wọn volt ní ojú amplifier fúnra rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bó bá já sísàlẹ̀ 11, wáyà tàbí ẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ iná. Bí gbogbo ìyẹn bá dára, amplifier ti jóná nínú. Èyí tó ń tàn lẹ́yìn ìdajì wákàtí, tó sì ń padà bọ̀ sípò bó bá tutù, ooru ni: ẹ má fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ má sì dè é mọ́ àpótí fúnra rẹ̀.

Rédíò tó bá ọkọ̀ wá kò ní RCA.

Ẹ ra line output converter (ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn wáyà spíkà di ti RCA), tàbí amplifier tó ní ojú high-level, kí ẹ so ó mọ́ wáyà spíkà ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á tún fún yín ní wáyà remote tó ń tan amplifier. Ẹ má so remote mọ́ bátìrì tààrà; ẹ máa bá bátìrì tó ti kú láàárọ̀.

Tòkunbọ̀ ńkọ́?

Subwoofer tòkunbọ̀ tó dára wà. Ẹ mú mítà lọ. Kọ́ìlì 4 ohm yẹ kó fi 3.2 sí 3.8 hàn, 2 ohm kó fi 1.6 sí 2 hàn. Èyí tó bá yàtọ̀ pátá tàbí tí kò fi nǹkan hàn ti jóná. Kọ́ìlì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ fi ìka ti ojú rẹ̀ wọlé lọ́gbọọgba, kí ẹ gbé etí sí i: bó bá ń ha, ẹ gbé e padà fún un. Bí etí rẹ̀ bá jẹ́ fóòmù, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Fóòmù tó ń ya bíi bébà tútù kò ní pé oṣù mẹ́ta nínú ooru wa.

Omi wọ búùtù mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ yọ fíúsì ẹ̀gbẹ́ bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ gbé amplifier jáde, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe inú oòrùn líle. Bó bá jẹ́ omi ọ̀sà tàbí omi gọ́tà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ fọ bọ́ọ̀dù rẹ̀ kó tó gbẹ, torí iyọ̀ tó bá kù sórí rẹ̀ á máa jẹ ẹ́ lọ. Ẹ ṣí subwoofer kúrò lára àpótí, kí ẹ wo etí pákó níbi tí skúrù wọ̀. Bó bá ti wú níbẹ̀, àpótí náà ti parí; subwoofer lè ṣì wà láàyè.